Yíyan Pọ́ǹpù Táyà Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kan ẹni tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó kan ẹni tí ó ń gun alùpùpù lọ sí oko, ó kan ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere, ó sì kan ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn ṣùgbọ́n tí ó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti pọ́ǹpù kékeré tí ènìyàn lè gbé dání láti fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà. Irú èwo ni ó yẹ ní rírà? Kí ni ó sì yẹ kí olùrà wò kí owó tó kúrò ní àpò rẹ̀?

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, níwọ̀n bí fọkanáísà ti wà káàkiri. Òtítọ́ ni pé ní àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ènìyàn kì í rìn jìnnà kí ó tó rí táyà ògbólógbòó tí wọ́n gbé nàró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti fi hàn pé fọkanáísà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà oko, àti ní àwọn ọ̀nà tí ó gba inú ọ̀dàn kọjá ní apá Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí táyà bá rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ó lè ṣòro láti rí fọkanáísà, tòmátò àti ata tí ó wà nínú ọkọ̀ kò sì ní dúró dè é. Awakọ̀ tí kò ní ohun tí yóò fi fẹ́ táyà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò yan ọ̀kan nínú ohun méjì: yálà kí ó sun ojú ọ̀nà, tàbí kí ó máa wa ọkọ̀ lọ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó. Èkejì yìí ni ó ń pa ènìyàn.

Iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rọ́bà táyà ni ó ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú táyà ni ó ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ rọ́bà àti àwọn okùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni láti há afẹ́fẹ́ náà mọ́. Robert William Thomson, ará Scotland, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko tí ó ń gbé ní ìlú Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ṣe irú táyà náà fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni táyà àti pọ́ǹpù ti di tọkọtìyàwó. Ọ̀kan kò lè ṣe é láìsí èkejì.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa tẹ̀, yóò sì máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí. Ẹni tí ó bá ti mú wáyà kan rí, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, mọ̀ pé kò pẹ́ tí ojú ibi tí ó ń tẹ̀ náà yóò fi gbóná, tí yóò sì ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti táyà. Bí eré bá pọ̀, tí ẹrù bá wúwo, tí oòrùn sì mú, ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó rọ̀ yóò gbóná débi pé àwọn okùn inú rẹ̀ yóò ya kúrò lára rọ́bà, táyà yóò sì bẹ́ lójijì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, fi máa ń wo táyà nígbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró.

Àpọ̀jù afẹ́fẹ́ náà kò dára. Táyà tí ó le jù kì í fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àárín nìkan ni yóò máa jẹ, kò sì ní di ọ̀nà mú dáadáa. Èyí tí ó rọ̀ jù yóò jẹ ní etí méjèèjì. Nítorí náà, ohun tí à ń wá kì í ṣe afẹ́fẹ́ púpọ̀, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó ṣe déédéé.

Mọ táyà rẹ kí o tó mọ pọ́ǹpù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, yóò sábà rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara férémù níbẹ̀, èyí tí ó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, iye náà máa ń wà láàárín 30 sí 35 psi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà rọ́pò rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó wà lára táyà jẹ́ òpin tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá, kì í ṣe iye tí ó yẹ ọkọ̀ náà. Táyà lọ́rì ńlá a máa gbà tó 100 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tóbi.

Ó dára kí olùrà mọ ohun tí àmì wọ̀nyí túmọ̀ sí. Psi ni iye pọ́n-ùn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ojú ibi tí ó jẹ́ ínṣì kan ní ìbú àti ínṣì kan ní òró. Àwọn pọ́ǹpù kan ń lo bar, àwọn mìíràn ń lo kPa. Bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó psi 14 àti ààbọ̀, 100 kPa sì jẹ́ bar kan. Nípa bẹ́ẹ̀, 32 psi jẹ́ nǹkan bí bar 2.2, tàbí 220 kPa. Ẹni tí ojú gééjì rẹ̀ bá jẹ́ ti bar, tí ó sì ń wá 32 lójú rẹ̀, yóò fẹ́ táyà títí yóò fi bẹ́.

Oríṣi pọ́ǹpù tí ó wà

Èkínní ni pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, irú èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ mọ̀ dáadáa. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọgbọ́n sì wà nínú títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ojú písítìnnì inú rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì kan níbùú lóòró, tí táyà kẹ̀kẹ́ sì ti gba 50 psi, agbára pọ́n-ùn 50 péré ni apá nílò láti tún ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Ó yẹ kẹ̀kẹ́, ó sì lè gba alùpùpù là. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fẹ́ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti òfo yóò làágùn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀. Inú ọ̀pá rẹ̀ gbòòrò ju ti ọlọ́wọ́ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú písítìnnì rẹ̀ bá tó ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tí a wí ṣáájú, agbára tí 32 psi yóò béèrè jẹ́ pọ́n-ùn 96. Apá lásán kò lè ṣe èyí fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè ṣe é, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń tì í lẹ́yìn. Kò nílò iná, kò nílò bátìrì, òjò àti oòrùn kò sì ní kí ó má ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí ó ń gbé ní abúlé tí iná mànàmáná kì í dúró, òun ni ọ̀rẹ́ tòótọ́. Èyí tí ó ní ọ̀pá méjì máa ń yára ju ọlọ́pàá kan lọ, ṣùgbọ́n ó tún béèrè agbára ẹsẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni pọ́ǹpù oníná tí ó ń fa agbára lára bátìrì ọkọ̀ olóròó fóòtì 12. Àwọn kékeré nínú wọn ni a ń kì bọ inú ihò tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ fi ń tan sìgá. Fíúsì tí ó ń ṣọ́ ihò yìí sábà máa ń jẹ́ ti áńpù 10 tàbí 15. Pọ́ǹpù tí ó bá ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò jó o. Àwọn tí agbára wọn pọ̀ ní wáyà méjì tí ẹnu wọn dà bí ẹ̀mú, èyí tí a fi ń gbá orí bátìrì gan-an mú. Ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá ń lo fóòtì 24, pọ́ǹpù fóòtì 12 yóò sì jóná bí a bá so ó mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tí a ń ṣájì bí fóònù alágbèéká. Ó fúyẹ́, kò ní wáyà tí yóò máa dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó ní alùpùpù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí bátìrì rẹ̀ bá ti tán, òkúta ni. Ooru sì ni ọ̀tá bátìrì bẹ́ẹ̀: kò yẹ kí á fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn ọ̀sán.

Ohun tí ó yẹ kí olùrà wò

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni nọ́ńbà gàǹgà tí ó wà lójú páálí. Pọ́ǹpù tí ó kéré bí ọwọ́ ọmọdé lè gbé 150 psi sójú páálí rẹ̀. Nọ́ńbà yìí kò sọ bí iṣẹ́ yóò ti yá tó. Ó kàn ń sọ agbára tí pọ́ǹpù náà lè fi ti afẹ́fẹ́ ni. Ohun tí ó yẹ kí á béèrè ni iye afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ọgbọ́n tún wà níbẹ̀: ìgbà tí pọ́ǹpù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síta lásán, tí ohunkóhun kò dí i lọ́nà, ni wọ́n sábà máa ń wọn iye yìí. Bí táyà bá ti ń le, afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé yóò máa dín. Nítorí náà, kí olùrà má ṣe retí pé ìlérí páálí ni yóò rí nídìí táyà.

Ohun kejì ni bí pọ́ǹpù ti lè ṣiṣẹ́ pẹ́ tó kí ó tó sinmi. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná, pọ́ǹpù pẹ̀lú yóò sì gbóná. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù kékeré kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lọ láìsinmi. Ìwé tí ó bá a wá yóò sọ èyí. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí táyà rẹ̀ tóbi gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀ dáadáa, tàbí kí ó ní kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á fún òun, nítorí pé pọ́ǹpù tí kò lè parí táyà kan kí ó tó rẹ̀ ẹ́ kì í ṣe pọ́ǹpù ọkọ̀ akẹ́rù.

Ohun kẹta ni gígùn. Kí á mú okùn, kí á fi wọn ọkọ̀ láti ibi tí iná yóò ti wá dé ìdí táyà ẹ̀yìn tí ó jìnnà jù lọ. Bí wáyà àti rọ́bà pọ́ǹpù náà lápapọ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ni ènìyàn yóò ṣe bí ó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn ni ó rọ̀?

Ohun kẹrin ni ẹnu rẹ̀. Irú fáfù kan náà ni ó wà lára táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alùpùpù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní fáfù tirẹ̀ tí ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ẹni tí ó ní méjèèjì nílé gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnu tí yóò bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu wà nínú páálí. Ẹnu tí a ń yí mọ́ fáfù kì í tètè jò. Èyí tí a ń fi ìka tẹ̀ mọ́ ọn yára, ṣùgbọ́n ó máa ń sọnù kúrò bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ.

Ohun karùn-ún, tí ó ju gbogbo wọn lọ, ni gééjì. Pọ́ǹpù tí gééjì rẹ̀ ń purọ́ dà bí òṣùwọ̀n èké ní ọjà. Ó yẹ kí olúkúlùkù ra gééjì kan lọ́tọ̀, tí a lè fi sápò, kí ó sì máa fi yẹ ti pọ́ǹpù wò. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra púpọ̀, kí ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tí a gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó bá a fi tirẹ̀ wé wọn.

Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí olùrà sanwó, kí ó ní kí ontàjà fi pọ́ǹpù náà fẹ́ táyà lójú òun. Kí ó tẹ́tí sí i bóyá afẹ́fẹ́ ń sá níbi oríkèé rọ́bà. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó wò ó bóyá ó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó sì béèrè bóyá awọ tàbí rọ́bà tí ó yí písítìnnì ká ṣeé pààrọ̀. Pọ́ǹpù tí awọ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, tí a sì ń fi epo díẹ̀ kùn ún lóòrèkóòrè, lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Bí a ti ń lò ó

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwúrọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni àkókò tí ó dára jù lọ láti wọn afẹ́fẹ́, nígbà tí táyà ṣì tutù. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, ooru yóò ti gbé iye náà sókè. Ẹni tí ó bá tú afẹ́fẹ́ dànù nígbà náà yóò bá táyà tí ó rọ̀ nígbà tí ó bá tutù. Táyà tí kò tilẹ̀ jò máa ń pàdánù nǹkan bí psi kan lóṣooṣù, nítorí náà ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ó yẹ kí á wọn gbogbo rẹ̀, àti táyà àpamọ́ pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń lo pọ́ǹpù oníná lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kí bátìrì má baà kú, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí ó ti ṣe é, kí ó má ṣe jẹ́ inú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín ọkọ̀ a máa pa ènìyàn. Kí ó má ṣe dúró dojú kọ ẹ̀gbẹ́ táyà nígbà tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, kí ó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Irin ẹnu pọ́ǹpù lè gbóná débi tí yóò jó ọwọ́.

Ohun kan wà tí pọ́ǹpù kò lè ṣe. Kò lè yọ ìṣó, kò lè dí ihò, kò sì lè sọ táyà tí ó ti gbó di tuntun. Bí táyà bá ti rìn lórí òfo, kódà bí ìrìn náà kò jìnnà, inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ti fọ́ láìhàn sóde. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ padà kí fọkanáísà tó tú u wò. Ti lọ́rì ńlá ni ó léwu jù lọ, nítorí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ tó láti pa ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni láti mú afẹ́fẹ́ tí ó dín pé, àti láti gbé táyà tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́.

Ní ìparí, oníkẹ̀kẹ́ kò nílò ju pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ lọ. Alálùpùpù àti ọlọ́kọ̀ kékeré tí ó ń gbé ní ibi tí iná kì í dúró yóò rí ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ tí ó dára. Ẹni tí ó ń rìn ọ̀nà jíjìn lè fi oníná fóòtì 12 kún un. Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kò sí pọ́ǹpù ihò sìgá tí yóò ṣe é. Ó sàn kí àwọn awakọ̀ abúlé kan tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn da owó jọ, kí wọ́n ra pọ́ǹpù ńlá kan àti gééjì tòótọ́ kan, kí wọ́n sì fi í sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí olúkúlùkù ti yàrá ìkàwé dé ilé, kí ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí ó ka iye tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì wo táyà rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ire o.